Ẹṣin Bàbá Kòmì

Ogójì ọdún gbáko ni Adégbóyè fi kan bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì láti Òrè títí dé Odígbó, kò sì sí ọ̀kan tó mì rí. Àwọn èèyàn ò tiẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Kòmì ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti kan àga tán, á gbé e sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ṣọ́ọ̀bù, á bu omi kún abọ́ dé etí, á gbé abọ́ náà lé àga lórí, á wá jókòó tì í. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá dà sílẹ̀, ìfági ló kù. Á fá ẹsẹ̀ àga náà títí omi á fi gbà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì ní Òrè, àga ọ̀gá àwọn ni kí gbogbo ìlú sá lọ dì mú.

Nínú gbogbo káfíńtà tó wà láyé, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn tá a bá ń wá ẹni tó máa kan ẹṣin onígi tó ń mì síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Òun ló bẹ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà kì í fẹ́ rí i sójú. Nígbà Kérésì, bí Adégbóyè ṣe na ọwọ́ sí i báyìí, ó figbe ta bí ẹran tó rí ọ̀bẹ, ó sá wọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun ò fẹ́ bàbá yẹn. Wọ́n sì ti wá gbé Jùmọ̀kẹ́, ìyá ọmọ náà tó ń ṣe tíṣà, kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Ìkárẹ́. Sátidé ni òun àti ọmọ máa wá kí bàbá kí wọ́n tó kó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹṣin kan ló ń wò nínú fóònù ṣáá," Jùmọ̀kẹ́ sọ lórí fóònù. "Ó ní òun fẹ́ gùn ún."

"Sọ fún un pé mo ti ń kan án," ni Adégbóyè wí, nígbà tí kò tíì ra pákó.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yìn ń ro ó, orúnkún ń ro ó, tó bá rẹ̀ ẹ́ dáadáa, irùngbọ̀n rẹ̀ pàápàá á máa ro ó. Síbẹ̀ ó wọ́ ara rẹ̀ dé sọ́míìlì lọ́jọ́ Ajé, ó sì gbé pákó ọ̀gánwó wálé. Ó gbẹ́ orí ẹṣin. Orí náà jọ ti ewúrẹ́ tó gbọ́ ìròyìn burúkú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ẹṣin ládùúgbò, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ó fi okùn ṣe ìrù. Ó wá kan pákó méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó gbé e sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹṣin mì. Ọwọ́ Adégbóyè bá na ara rẹ̀ sí ìfági. Òun kọ́ ló rán an. Ọwọ́ náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fá a, ó gbé abọ́ omi lé e, ó tún fá a. Nígbà tí Oríyọmí, ìyàwó rẹ̀, fi máa gbé oúnjẹ dé, omi ti dákẹ́ sínú abọ́ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.

"Bàbá Jùmọ̀kẹ́, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó ń mì tẹ́lẹ̀ ni. Mo ti bá a wí."

"Ẹṣin tó yẹ kó máa mì?"

Adégbóyè wo abọ́. Ó wo ẹṣin. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí.

"Ẹ jẹun ná," ni Oríyọmí wí. "Ẹ̀bà yìí náà ò mì."

Ó tú pákó méjèèjì kúrò, ó gé òmíràn lára pákó tó ṣẹ́kù. Ní ọ̀sán Fúráìdé, ẹṣin tún mì, ó mì dáadáa. Kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa tún ṣe tinú rẹ̀, ó ní kí Oríyọmí gba ìfági, kó rì í sínú gàrí. Ó rì í.

Bí Gàzálì ṣe dé nìyẹn, dẹ́rẹ́bà tó ń gbé èrò lọ sí Ajue. Ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ó mú kóòkì lọ́wọ́ kejì. Ibi tó rí ló jókòó sí, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé àga Bàbá Kòmì ò nílò àyẹ̀wò. Ẹṣin gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn, kóòkì dà sí i láyà.

Gàzálì nu ara rẹ̀. "Bàbá, nǹkan yín mì."

"Ẹṣin ni. Ó yẹ kó mì."

"Mo gbọ́ o. Bí bàbá témi náà ṣe sọ nìyẹn nígbà tí ojú wọn ń lọ. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ máa ṣú lọ́sàn-án nìyẹn." Ó jẹ búrẹ́dì. "Ọjọ́ orí ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mi ò ní sọ ní gáráàjì."

Ohun tí Gàzálì ò bá ní sọ ní gáráàjì, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́ ọ ní Agbabu. Adégbóyè di ojú. Ó gbìyànjú láti fara dà á. Ó wá dìde, ó tọ ọwọ́ bọ inú gàrí dé ìgúnpá, ó yọ ìfági jáde.

"Dúró síbẹ̀," ló wí.

Ó fá a tìbínú-tìbínú títí oòrùn fi rọlẹ̀. "Wá gùn ún wàyí. Gbé ìgò rẹ lé e."

Gàzálì gùn ún, ó fò lórí rẹ̀, ó mi ìdí. Ìgò ò yẹ̀. "Ẹ ṣì wà níbẹ̀, Bàbá Kòmì," ló wí, ó sì lọ kó èrò rẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú Adégbóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí ohun tó ṣe. Kò sí pákó mọ́. Sọ́míìlì ti palẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kọ̀. Àárẹ̀ tó mú un kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Ó dà bíi pé gbogbo bẹ́ǹṣì tó ti kàn láti ogójì ọdún, pẹ̀lú gbogbo ọmọ ilé ìwé orí wọn, ló gùn ún lẹ́yìn.

Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ àti ọmọ rẹ̀ dé lówùúrọ̀ Sátidé, orí sìmẹ́ǹtì ni Adégbóyè jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò lè dìde kí wọn. Pamílẹ́rìn sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rí ẹṣin. Ó yọ jáde, ó gba ìhà ibi tí bàbá ò sí, ó gùn ún. Ó mi ìdí. Ó gbá a lọ́rùn.

"Kò lọ," ló wí.

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, Oríyọmí fi ìgúnpá gbún un.

Adégbóyè ì bá parọ́ pé gọ́ọ̀mù ni ò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ń fẹ́ agbára. "Ó ti rẹ̀ ẹ́," ló wí.

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ń fi ìfági dá a lóró láti Ọjọ́rú."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró wo bàbá títí, gbogbo wọn ń retí igbe. "Ṣé ó rẹ ẹ̀yin náà?"

"Ó rẹ̀ mí gan-an ni."

Ó bọ́ súẹ́tà rẹ̀, ó fi bo ẹṣin lẹ́yìn. Ó ṣí ike omi tó gbé kọ́rùn, ó da díẹ̀ sí ẹṣin lẹ́nu, ó wá gbé ike náà wá, tòun ti èérún igi lẹ́nu rẹ̀, ó tì í bọ bàbá lẹ́nu. Adégbóyè mu ún. Pamílẹ́rìn jókòó tì í, ó gbé orí lé e lápá.

"Mọ́tò ń dúró dè wá," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

"Ẹṣin ò tíì jí," ni ọmọ náà fèsì.

Adégbóyè fẹ́ dá sí i.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, ẹ máa jí i," ni Pamílẹ́rìn wí.

Adégbóyè ò mì. Mọ́tò ń fọn fèrè lójú títì. Èèrà kan ń gùn ún lọ́rùn, apá ti kú tipiri lábẹ́ orí ọmọ. Ó jẹ́ kó kú síbẹ̀.