Orúkọ Tí Misturat Kò Lè Pè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Misturat wọ agbo-ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣakí, kò fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Mọ́nsúrù, Akọ̀wé ló sọ ọ́, nítorí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí obìnrin, Ìbàdíàrán ló ń pè é, títí tí ìyẹn fi lọ sílé ọkọ ní Òkèhò. Mùstàfá ọkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Olówó orí mi ni. Àwọn ìyàwó ìwòyí tó ń fi orúkọ ọkọ pariwo láti yàrá dé ilé ìdáná, kí wọ́n máa ṣe é lọ, ayé wọn ni. Ti Misturat kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ náà bá dé ètè rẹ̀, ṣe ni ahọ́n á dúró.

Mùstàfá ti kú báyìí. Ìyá ọkọ náà ti kú. Ọmọ kò sí. Misturat nìkan ló kù nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún èrò púpọ̀, tó jẹ́ pé bó bá gbá ìta tán lówùúrọ̀, ipasẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò tún bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Mùstàfá ń ṣiṣẹ́ ní Ìgbẹ́tì, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù, fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Nítorí náà, yóò gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dé ilé lópin ọ̀sẹ̀, yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú dísíìkì kékeré kan tí wọ́n máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ lẹ́yìn tó bá ti padà síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kí ló ń sọ? Ọ̀rọ̀ játijàti ni: ọ̀nà tó kún fún kòtò, olóúnjẹ tó ń bu ẹran tíntìntín, ọ̀gá tó sùn lórí àga tí fìlà fi bọ́ sínú ọbẹ̀. Á rẹ́rìn-ín títí á fi gbàgbé ohun tó ń sọ. Yàrá méjì ló pín dísíìkì náà sí. Àwọn ẹ̀rín Ìgbẹ́tì wà ní yàrá kìíní. Ìkejì ni ti ìgbà tí ikọ́ dá a padà sílé, tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá jáde. Ojoojúmọ́ ni Misturat ń gbọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, ti yàrá kìíní ló sì sábà máa ń gbọ́. Kò fẹ́ràn ikọ́ yẹn.

Iṣẹ́ Misturat ni pé ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn fún ilé ìwòsàn aláàdáni kan, orí kọ̀ǹpútà tí ọkọ rẹ̀ tò fún un nínú ilé ló sì ti ń ṣe é. Nígbà tí olè gbé kọ̀ǹpútà ládùúgbò, dókítà ní kí gbogbo nǹkan di títì pa, kí àṣírí aláìsàn má baà di ọ̀rọ̀ ọjà. Mọ́nsúrù ni Misturat pè ní Ìlọrin, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun ń ṣe jẹun.

“Ìyàwó wa,” ni Mọ́nsúrù wí lórí fóònù, “ó ku súwọ́ọ̀pù. Bí iṣẹ́ bá kún orí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ń gbé àpọ̀jù sí. Orúkọ aláìsàn lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tì í, yóò sì gbá ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ dànù.”

“Ohunkóhun, Akọ̀wé?”

“Ohunkóhun. Kò ní béèrè lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ júwe yàrá náà fún un dáadáa. Dísíìkì kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi wáyà so, la fẹ́ kó máa lò, àmọ́ ẹ má kọ sdb1 o! Ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ipò ni. Dísíìkì tó bá kọ́kọ́ dáhùn láàárọ̀ ni a, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni b; 1 sì ni yàrá kìíní inú rẹ̀. Ìyáálé òní lè di ìyàwó lọ́la. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn yàrá náà ni kí ẹ lò. Ìyẹn kì í yí padà, gbígbá kì í sì í pa á rẹ́.”

Misturat wá orúkọ náà kàn. MUSTAFA ló rí.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” ni Mọ́nsúrù béèrè.

“Orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ni.”

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ó sọ fún mi nígbà yẹn pé bí ẹrù bá wúwo jù lórí ìyàwó òun, òun ni kó máa gbé e fún. Ẹ yáa kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ẹ, ẹ fún yàrá náà lórúkọ mìíràn, kò ṣòro.”

“Mo ti gbọ́, Akọ̀wé.”

Ó gbọ́, àmọ́ kò ṣe é. Ó ṣí fáìlì tó yẹ kó kọ orúkọ náà sí, ó tẹ M, ìka rẹ̀ dúró. Kó wá fún yàrá náà lórúkọ mìíràn? Orúkọ tí òkú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ta ni yóò pa á rẹ́? Ó pa M rẹ́, ó kọ sdb1, ó sì bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun á máa yọ wáyà dísíìkì ohùn kúrò kí òun tó tan kọ̀ǹpútà, kó má baà gba ipò b. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Àmọ́ ọgbọ́n tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa rántí rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, ọjọ́ kan ni yóò já a kulẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọjọ́ náà dé. Mùstàfá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí iná lọ. Misturat dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn bóyá iná á dé. Kò dé, ó sì wọlé lọ sùn. Lówùúrọ̀, iná ti wà, iṣẹ́ rẹpẹtẹ sì ti dé láti ilé ìwòsàn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì bá iṣẹ́ lọ títí di àṣálẹ́. Lẹ́yìn mọ̀gáríbì, ó na ọwọ́ kó mú wáyà dísíìkì láti kì í bọnú ihò rẹ̀. Wáyà ti wà nínú ihò.

Ó wá yàrá kejì, ó bá a. Ó wá yàrá kìíní. Kò sí.

Mọ́nsúrù gbé fóònù, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. “Sdb1 lẹ kọ, àbí?”

“Òun ni mo kọ, Akọ̀wé.”

“Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lónìí?”

“Láti àárọ̀.”

Mọ́nsúrù mí kanlẹ̀. “Ká ní ẹ kàn tàn án, kí ẹ tún pa á, ǹ bá wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ láti àárọ̀ ló ti ń da ẹrù iṣẹ́ lé e lórí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mò ń bọ̀ lọ́la, màá ṣe ẹ̀dà èyí tó kù. Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Ó ní àmín. Ó pa fóònù tán, ó wá ronú sí i. Agbè wo ni kò fọ́? Agbè ti fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Mùstàfá sin, omi díẹ̀ tó kù nínú àpáàdì ló ń fi ọwọ́ bò láti ìgbà náà, òun náà ló sì tún dà á nù. Kò sí ẹ̀rín mọ́. Ikọ́ ló kù. Inú bí i sí ara rẹ̀, ó bí i sí Mùstàfá náà tó kọ orúkọ síbi tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pè é. Ó sunkún dáadáa. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ó tó.

Ó lè yọ wáyà náà, kó máa retí Mọ́nsúrù. Àmọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ara rẹ̀ mọ́. Ó ṣí fáìlì náà, ó pa sdb1 rẹ́, ó tẹ M, ó tẹ U, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé A tó kẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ sì ń bá ìka lọ láìfura. “Mùstàfá.”

Ó ya òun alára lẹ́nu. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó fi wáyà sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí bí kò bá dán an wò báyìí, ìgbà wo ni yóò fọkàn balẹ̀? Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Yàrá kejì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti gbá yàrá tó yẹ kó gbá, kò sì fọwọ́ kan ikọ́ Mùstàfá.

Misturat dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí àwọn yàrá tó ṣófo. Ó tún pè é, ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bí ìyàwó aláfojúdi: “Mùstàfá! Mùstàfá o!”

Ó dúró pẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí.