Ìṣísẹ̀ Méje Ìyá Hàwáwù

"Ẹ rọra, Màmá. Ẹ má kánjú rárá," ni Mọ̀núrù télọ̀ wí, ó di ìyá arúgbó náà lápá mú bí ẹní di ẹyin mú.

Ẹni tí kò mọ Mọ̀núrù ni yóò rò pé àánú àgbà ló ń ṣe é. Ìṣísẹ̀ kúkúrú ló ń wá. Odò kékeré tó gba àárín àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó wọ inú ọ̀sà, èyí tí gbogbo wọn ti sọ di gọ́tà, ló kún wọ ilé wọn lọ́dún tó kọjá. Ni ará àdúgbò bá pàdé. Wọ́n ní àwọn yóò kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, àwọn yóò gbin koríko sí etí rẹ̀, ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù kankan kò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín ìṣísẹ̀ méje sí omi. Ṣọ́ọ̀bù páànù tí Mọ̀núrù ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kànlélógún kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí omi.

Ó ronú títí, ó dìde ní ìpàdé, ó ní àgbà ló ń fi ààlà hàn, kí ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága, Alhaji Lùkúmọ̀n, ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ìyá Hàwáwù ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò sì gùn ju bàtà ọmọdé lọ. Mọ̀núrù ti fi ojú wọ̀n ọ́n, télọ̀ ṣáà ni.

Wọ́n mú Ìyá dé etí omi, ṣùgbọ́n kò gbẹ́sẹ̀. Ó béèrè ẹni tó sọ pé ibẹ̀ ni etí omi.

"Omi nìyí níwájú yín, Màmá," ni Alága wí.

"Ìdọ̀tí lẹ dúró lé. Ọ̀rá àti ike. Ẹ mú mi lọ."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Mọ̀núrù, ó yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ títí ọ̀pá fi kan òkúta.

"Orí òkúta yìí la ti ń fọṣọ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ibí ni etí omi. Ẹ máa kà á."

Ṣọ́ọ̀bù Mọ̀núrù kò tilẹ̀ sí létí omi, àárín odò ló wà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Télọ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ní ìkarùn-ún, Ìyá gun fàráńdà ilé Alága tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Alhaji Lùkúmọ̀n wúkọ́, ó ní oòrùn ti ń pa Màmá, kí wọ́n sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ, Alága," ni Mọ̀núrù wí.

Ìkeje bọ́ sí ìdí àga Alága. Ìyá jókòó sórí rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Alága ń wo Mọ̀núrù, Mọ̀núrù sì mọ ohun tó ń wá. Bí òun bá kọ ìwọ̀n náà pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan fàráńdà Alága, ṣọ́ọ̀bù òun náà yóò sì wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ó wo Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, orí tábìlì ni àwọn méjèèjì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, tí omi wà lábẹ́ wọn.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Alhaji Lùkúmọ̀n.

"Alága, ẹ bá mi gbé e délé. Tá a bá padà dé, mo máa bá yín tú páànù fàráńdà yín."