Ibi Tí Ọ̀dà Yẹ́lò Wà

Ọkùnrin inú géèmù náà tún já bọ́ láti orí òrùlé. Ẹlẹ́ẹ̀keje nìyẹn láàárọ̀ yìí. Káfíńtà fi páàdì géèmù ọwọ́ rẹ̀ gbá itan ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń kan páànù fún ogún ọdún tí kò ṣubú rí, géèmù wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní pálọ̀ ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe eré ló gbé e débẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ológbò nítorí pé kò síbi tí kò lè gùn. Orí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn méjèèjì jọ ń tún ṣe ló ti já bọ́. Àwọn tó rí i ní ṣe ló sáré lọ síbẹ̀ tààrà, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọjọ́ tó ṣáájú, Káfíńtà ti bú u débi tí ojú fi tì í: ọ̀lẹ, aláìníláárí, ẹni tí géèmù sísáré kiri orí òrùlé ti jẹ lọ́pọlọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, omi nìkan ló ń wọ ọ̀nà ọ̀fun ìyá wọn, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi olúkúlùkù: ṣé ọmọ òun mọ̀ọ́mọ̀ fò ni?

Káfíńtà rò pé bóyá òun á rí ohun tó wà lọ́kàn àbúrò òun nínú géèmù ọ̀hún.

Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ti fẹ́ pa ọkùnrin yìí tán o. Ṣé ẹ ò rí yẹ́lò ni?"

"Yẹ́lò wo?"

"Èyí tó wà lára pákó yẹn. Ibi tí wọ́n bá kùn ní yẹ́lò ló le, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀. Bọ̀dá Ológbò kì í tiẹ̀ rò ó mọ́. Tí wọ́n bá ti rí yẹ́lò báyìí, ẹsẹ̀ wọn ti débẹ̀."

Ó gbìyànjú ẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ yẹ́lò, ó tún tẹ yẹ́lò, ó fò, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Àbíkẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Káfíńtà gbé páàdì sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ológbò já bọ́, Káfíńtà ló kọ́kọ́ gun òrùlé. Ó fi òòlù kan àwọn pákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ikán ti jẹ mẹ́ta. Ó kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní yẹ́lò, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: pákó tí a bá kùn ti jẹrà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ló máa ń sọ ọ́ fún. Ọ̀sẹ̀ kìíní Ológbò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí Káfíńtà, kò fẹ́ kí òun ló máa kọ́kọ́ la ẹnu, kò sì sọ ọ́ fún un. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ṣebí ó lójú.

Ìyá wọn yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Kí lẹ rí?"

"Kò mọ̀ọ́mọ̀, Màámi. Ó rò pé pákó yẹn le ni. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ló tàn án."

Ìyá náà di ara ògiri mú. Ó sunkún títí, ó ń dúpẹ́, ó ń pe Káfíńtà ní ọkọ òun, olówó orí òun. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá.

Ó jókòó tì í, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Káfíńtà ń wo ẹnu rẹ̀. Tó bá jẹ tán, ó máa béèrè ẹni tó kun pákó náà, òun náà ò sì ní lè parọ́ fún un. Ó rọra fa abọ́ tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ fi èyí kún un, Màámi."