Yìnyín Lára Páìpù

Ṣàrífátù kì í làágùn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni, ó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n òógùn kan ṣoṣo kò jáde lára rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣàlàyé fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òógùn tí gbogbo wa ń fi aṣọ nù dànù yẹn ló ń tu ara. Ara tí kò bá lè làágùn, bí ooru bá ti wọ inú rẹ̀, kò ní rọ́nà jáde. Ní Kútọnu níbí, nínú oṣù kẹta, níbo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ sá gbà?

Ohun kan péré ló fi àwọn òbí rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀: frigoríìsì ni Ràímì, bàbá rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti kúrò ní Ṣakété tó ti ń tún kílíìmù, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù, ṣe káàkiri ìlú. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó mọ̀ pé páìpù bàbà méjì ló so ẹ̀rọ inú yàrá pọ̀ mọ́ èyí tó wà níta. Èyí tó tínrín ń gbé gáàsì wọlé, èyí tó sanra ń gbé e padà síta pẹ̀lú ooru tó kó nínú yàrá. Yíyí ni gáàsì náà ń yí po, kì í tán bí epo ọkọ̀. Bó bá dín, ó ti jò níbì kan nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní èyí.

Bí gáàsì bá sì ti dín, yìnyín funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ páìpù tínrín náà. Àmì àìsàn ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó rí ibi tó ń jò, ó lè gba pé kó fọ́ ògiri, onílé wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màdáámù Léonie tó kọ́ ilé ńlá sí Àbọ̀mé-Kàlàfí rí yìnyín lára páìpù tirẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ràímì wo ògiri tó ń dán gbinrin, ó wo ojú obìnrin náà, ó ní kó má mikàn, pé yìnyín yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé kílíìmù rẹ̀ ń tutù dé góńgó. Inú Màdáámù dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe Ràímì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni irọ́ yẹn ti wọ inú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń pa á lójúde àwọn oníbàárà, ó ń pa á lórí fóònù, ó ń pa á nínú ilé nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Balqees, bá ń bu oúnjẹ fún un. Aránṣọ ni Balqees. Kò mọ nǹkan kan nípa gáàsì, ohun tí ọkọ rẹ̀ bá sì ti sọ nípa kílíìmù, abẹ gé e.

Nígbà tí Ràímì fẹ́ gbé kílíìmù sí yàrá Ṣàrífátù, onílé wọn ní òun kò fẹ́ rí páìpù lójú ògiri òun tó kọjú sí títì. Ràímì bá gba inú ògiri tọ́ páìpù náà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Páìpù kò gùn tó, ó fi iná jó méjì pọ̀ sínú ògiri níbẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún. Ó rẹ́ ojú ògiri, ó kùn ún, ó rẹwà. Ọdún kejì, gáàsì dín. Ó mọ̀ pé ojú ibi tí òun jó yẹn ni, àmọ́ ó kàn fi gáàsì kún un ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi kún un. Lọ́dún yìí, ó wá pinnu pé tó bá di ọjọ́ Sátidé, òun á fọ́ ògiri náà, kí onílé ṣe èyí tó bá wù ú.

Ọjọ́rú ló ṣẹlẹ̀. Ikọ́ díẹ̀ ń ṣe Ṣàrífátù, kò lọ sílé ìwé, ó ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Ràímì wà ní Kàlàfí, lọ́dọ̀ Màdáámù Léonie, nítorí yìnyín ti tún yọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún orin àtijọ́ yẹn kọ fún un tán ni fóònù rẹ̀ dún. Epo ẹ̀rọ ti kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Màdáámù bá a tẹ fóònù, ó sì ṣí i sókè kí wọ́n lè jọ gbọ́. Ará Pobè ni ìyá tó bí obìnrin náà, ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, ju àwa tó ń sọ ọ́ lọ.

"Bàbá Ṣàrífátù," Balqees wí, "yàrá ọmọ yìí ti ń móoru o. Ṣùgbọ́n mo yọjú sẹ́yìnkùlé, yìnyín ti bo páìpù yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́, àbí?"

Màdáámù Léonie rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn.

Ràímì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là láti ní kó gbé ọmọ náà jáde kíá, kó da omi tútù sí i lára, kó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ Màdáámù ń wò ó, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Tó bá sọ òótọ́ báyìí, irọ́ ọdún mẹ́ta á tú lójú ẹni tó fi í mọ ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun ṣáà kọ́kọ́ jáde, pé òun á pè é padà lẹ́nu géètì. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ló fẹ́ ṣe?

"Ó ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa."

Balqees ti ilẹ̀kùn. Ó fi fóònù sẹ́nu iná nínú pálọ̀ kó lè ṣájì, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti lè máa rí páìpù náà. Lẹ́nu géètì, Ràímì pè é, kò gbé e. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó tún pè é lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Ní Godomey, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti èbúté dí títì pa, alùpùpù pàápàá kò rí ibi yọ́ gbà. Ó ń fọn fèrè bíi wèrè. Nílé, gbogbo ìgbà tí ọkàn Balqees bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ, á gbójú sókè wo páìpù. Yìnyín náà ń nípọn sí i. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tí Ràímì wọlé, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ó tètè dé lónìí. Ràímì ré e kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ. Kílíìmù náà ń fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná bíi ti ilé ìdáná ló ń fẹ́. Ṣàrífátù dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n pariwo, wọ́n gbé e sáàárín lórí alùpùpù lọ sílé ìwòsàn. Wọn kò tíì pe ìrun alásárì tí dókítà fi aṣọ bo ojú ọmọ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹta, ẹnì kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣe bí frigoríìsì ni bàbá, báwo ni ooru ṣe pa ọmọ rẹ̀. Balqees gbọ́. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́:

"Kò sí nǹkan tó ṣe kílíìmù ọkọ mi. Yìnyín wà lára páìpù rẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé ọmọ mi jáde. Ojú mi ló ṣe."

Màdáámù Léonie tó wá kí wọn ní òun náà jẹ́rìí sí i. Ràímì doríkodò. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, á wọ inú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì àdúà náà, nígbà tí èrò ti tú ká, ó mú òòlù wọ yàrá ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri. Balqees wọlé, ó bi í léèrè ohun tó ń wá. Ràímì ń fọ́ ọ lọ títí òòlù fi kan páìpù. Ojú ibi tó jó yẹn ti ṣú, epo ti rin sára ògiri yí i ká. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní nítorí pé gáàsì ti ń jò ni yìnyín ṣe ń dì, pé irọ́ ni òun ń pa fún àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí wá.

Balqees sún mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ ojú ibi tó dúdú nínú ògiri náà.

"Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù," ó wí, "ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní kí n ti ilẹ̀kùn."

Ràímì dúró sídìí ògiri. Kò sọkún, kò lè bẹ̀bẹ̀, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Balqees bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ẹní ọmọ rẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ògiri kúrò lára rẹ̀, ó fi í há abíyá. Ó jáde, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ooru, ó sì ti ilẹ̀kùn náà dáadáa.