Ọgọ́fà Dín Mẹ́fà

Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ sí mi létí pé mo jí ìwé ẹlòmíì wò. Èmi Waliyat ò jíwèé wò rí, n ò sì ní í kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí n ò ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Philip, tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò l'Ọ̀yọ́, ló ṣe ìdánwò fún wa. Ó ní ẹni méjì tó bá mókè ló máa lọ ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti JSS wan ni ojú mi ti wà lára ìdíje yẹn. Nígbà tí èsì dé, èmi àti Daniel nìkan la gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Daniel ṣírò tirẹ̀ kún ojú ìwé, ìlà mélòó kan ni tèmi. Ni tíṣà bá fi bírò pupa fagi lé orúkọ mi, ó ní ìdáhùn Daniel ni mo kọ. Ó ní tí mo bá lè kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ lójú kíláàsì, òun á dárí jì mí, màá sì bá wọn lọ.

Màámi, tó ń ta abọ́ oníke lọ́jà Akẹ̀sán, ní kí n kúkú bẹ̀ ẹ́, pé kí ló wà nínú ìkúnlẹ̀. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun. Ṣé kí n wá purọ́ mọ́ ara mi nítorí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́? Ó tì o.

Nígbà tí tíṣà wọlé lọ́jọ́ kejì, mo dìde. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, sà. Màá ṣe é lójú yín."

Ó fún mi, ó lejú kokooko. Ìbéèrè náà ni pé wọ́n pín nọ́ńbà kan sọ́nà mẹ́fà, wọ́n yọ márùn-ún nínú ìpín kan, ó wá ku mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: x/6 − 5 = 14. Mo dá márùn-ún tí wọ́n yọ padà sí ọ̀tún àti òsì, ó di x/6 = 19. Ó ku ká sọ 19 di ìlọ́po mẹ́fà. Ibí ni Daniel ti to nọ́ńbà léra wọn, tó kọ mẹ́rin sílẹ̀, tó gbé márùn-ún lọ síwájú. Èmi ò gbé nǹkan kan lọ síbì kankan. Mo ní kí ni à ń pè é nílé? Mọ́kàndínlógún. Ogún ni, ó dín ọ̀kan. Ogún mẹ́fà jẹ́ ọgọ́fà. Ọ̀kan tó dín lára ogún kọ̀ọ̀kan ti di mẹ́fà, ẹ yọ ọ́ kúrò: 114. Mo tún pín in sí mẹ́fà, mo yọ márùn-ún, mẹ́rìnlá ló kù.

Tíṣà wò ó títí, ó sì fi dọ́sítà nù ún. Ó ní òun á dá orúkọ mi padà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́ mi báyẹn. Ó ní tí wọ́n bá fún mi ní òdo ní Ògbómọ̀ṣọ́, n ò gbọdọ̀ pe orúkọ òun. Kò tiẹ̀ tọrọ àforíjì.

"N ò ní í pè é, sà," ni mo wí.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni ìbéèrè tó kẹ́yìn kàn, ibẹ̀ la ó ti mọ ẹni tó gbégbá orókè. Wọ́n pín nọ́ńbà kan sọ́nà mẹ́jọ, wọ́n fi méje kún ìpín kan, ó di 25. Tíṣà jókòó níwájú, ó ń fọwọ́ júwe fún mi pé kí n tò ó léra wọn bí òun ṣe kọ́ wa. Mo rí i, mo kẹ̀yìn sí i. Mo yọ méje, ó ku méjìdínlógún. Ogún mẹ́jọ jẹ́ ọgọ́jọ, méjì lọ́nà mẹ́jọ kúrò níbẹ̀: 144.

Ìyá kan tó jẹ́ adájọ́ ìdíje náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún mi ní gbogbo máàkì. Àwa la gbà á. Ìyá náà gbé máìkì sún mọ́ mi, ó ní ta ló kọ́ mi ní irú ìṣirò yìí. Ọ̀gbẹ́ni Philip ti dìde, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

"N ò lè sọ, mà," ni mo wí. "Tíṣà mi ní mo jí i wò ni."