Bíárìn Tí Kò Gba Gíríìsì

Àyúbà ti ti ìka méjì bọ inú agolo gíríìsì kó tó rántí pé wọ́n ti ní kó má ṣe é mọ́. Ó dúró gbagidi bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni. Ọkọ̀ tí ń fa yanrìn wà níwájú rẹ̀ létí odò Agboyi, pọ́ọ̀ǹpù ń lọ, yanrìn ń tú sórí ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe Àyúbà sí nǹkan kan.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń fi gíríìsì sí bíárìn tó gbé ọ̀pá pọ́ọ̀ǹpù náà ró, ní wákàtí méjì-méjì. Ọ̀pá náà ti jẹ ìka kan ní ọwọ́ òsì rẹ̀ rí, síbẹ̀ kò ráhùn. Bàbá Gíríìsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ wá gbọ́ orúkọ! Àmọ́ orúkọ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀, inú rẹ̀ a sì máa dùn tí wọ́n bá pè é. Yanrìn ò kúkú mọ ojú ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí gíríìsì gbẹ lára bíárìn irin, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Àfi bó ṣe di àná tí Ràhmát, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé bíárìn mìíràn dé láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Kétu. Ike dúdú tó le koko ni, Ràhmát sì la poro tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀.

"Kò gba gíríìsì rárá, Ọ̀gá," ó wí fún Bánjí tó ni ọkọ̀. "Omi odò á máa gba inú poro yìí kọjá, á máa ṣan yanrìn jáde. Ìyẹn ti tó o." Ló bá yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Bánjí ní àwọn á dán an wò títí di ìrọ̀lẹ́ òní. Bó bá dúró, Ràhmát ni yóò ṣe ti ọkọ̀ mẹ́ta yòókù. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Bàbá Gíríìsì yóò máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká a lára jù. Ọmọ tó bí! Ọmọ tó jẹ́ pé owó gíríìsì ló fi rán an lọ kọ́ṣẹ́!

Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó rìn lọ sétí omi, ó rìn padà. Ó tún okùn tí wọ́n ti so so. Ó bi Enoch, tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, bóyá bíárìn náà ń gbóná.

"Bàbá, ẹ jókòó jàre," Enoch fèsì. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ti bi mí. Tútù ló tutù."

Aago mẹ́sàn-án lù, ọwọ́ ń yún un. Aago mọ́kànlá, bákan náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, Enoch gba orí pákó tó ti inú ọkọ̀ dé etí odò kọjá lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Àyúbà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Díẹ̀ ni," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Kí ló burú nínú díẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ọ̀pá tó ń yí bìrì-bìrì, ó sì ki gíríìsì bọ ẹnu bíárìn. Kì í ṣe díẹ̀. Ó ki í títí ẹnu rẹ̀ fi dí, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ló bá lọ ṣàlùwàlá.

Ó wà ní rákà kẹta ìrun Àyìlá nígbà tó gbọ́ ọ. Ohùn pọ́ọ̀ǹpù ti yí padà, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó tíì gbọ́. Nígbà tó fi máa ṣe sálámà parí ìrun, òórùn ike tó ń jóná ti gba etí odò, Enoch sì ti sáré pa ẹ́ńjìnnì.

Bánjí jáde tìbínú-tìbínú. "Ṣé mi ò sọ? Ta ló ń fi ike ṣe irú nǹkan báyìí? Enoch, pe ọmọ yẹn, kó wá kó pàǹtí ẹ̀. Bàbá Gíríìsì, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Irin la máa dá padà."

Ohun tí Àyúbà ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ló wá dé tí kò lè gbé agolo gíríìsì nílẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé Ràhmát dé kò pẹ́, ẹ̀rún irin ṣì wà lára híjáàbù rẹ̀. Ó tú bíárìn náà, ó fi ìka nù ún nínú. Gíríìsì àti yanrìn ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú nínú gbogbo poro. Ó wo ìka náà pẹ́. Kò wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá," ó wí jẹ́ẹ́. "Bóyá mi ò wọ̀n ọ́n dáadáa ni."

Hà! Àyúbà sún mọ́ wọn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, wọ́n máa ń wí; eérú tòun wá ń fẹ́ lọ bá ọmọ òun.

"Irọ́ ni," ó pariwo. "Èmi ni! Èmi ni mo ki gíríìsì sí i. Gíríìsì ló gbá yanrìn mú, tó dí ọ̀nà omi. Kò sí nǹkan kan tó ṣe iṣẹ́ ọmọ mi."

Bánjí wò ó. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ojú ike náà nìkan ni iná rà. Ràhmát fọ bíárìn náà, ó ha poro kọ̀ọ̀kan mọ́, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Enoch tan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́jẹ́, omi ń ṣàn jáde lẹ́nu bíárìn. Bánjí tẹ́tí, ó tẹ́tí, kò rí àléébù kankan sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àyúbà jókòó sórí pákó. Ràhmát wá jókòó tì í.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá mi," ó wí, "mo sáà bẹ̀ yín."

"Ṣé mo ti wá darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni? Tí o fi ní kí n má fọwọ́ kàn án?"

Ràhmát mú àkísà, ó gbé ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ lé itan, ó ń nu gíríìsì tó ti gbẹ kúrò. Ó nu àtàńpàkò. Ó nu ìka tó tẹ̀ lé e. Ó dé ibi tí ìka kò sí, ó dúró níbẹ̀, ó sì nu ibẹ̀ pẹ́ ju gbogbo ibi yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí gíríìsì kankan níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àyúbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹni tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un lọ́jọ́ tí ọ̀pá jẹ ẹ́ níka. Ràhmát ni, ọmọ ọdún méje nígbà náà. Orí pákó yìí kan náà ló dúró sí, abọ́ lọ́wọ́, kò sì sunkún.

Aago mẹ́ta kọjá. Ọwọ́ ń yún Àyúbà, ṣùgbọ́n kò gbà á kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.