Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Ń Yodì

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mọ̀núrù, ará agboolé wa nítòsí Ìga Ìdúngànràn, kì í tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan kó tó dá a. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Àlhájà Afusat, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kò dáhùn ìkíni Basheerah ìyàwó rẹ̀, Mọ̀núrù ní wọ́n ń yodì ni. Ó ṣe tán, ìyá àti Basheerah ti fa ọ̀rọ̀ lálẹ́ àná.

"Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Fátíà ketekete," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn, "ṣùgbọ́n 'ẹ káàárọ̀ mà' lásán, wọn ò lè jẹ́."

Òótọ́ ni pé wọ́n ń kírun sókè. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ni wọ́n fẹ́ jẹ, wọn a yanu, wọn a pa á dé, omi a lé ròrò sí wọn lójú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè gbé ife mọ́. A ní làkúrègbé ni.

Mọ̀núrù pe ìpàdé ẹbí. Basheerah kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ìyá ò fọhùn.

"Ẹ dójú tì mí!" ni Mọ̀núrù pariwo. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kíìp málíìsì, ẹ lọ máa ṣe é lọ́dọ̀ àbúrò yín ní Lafiaji!"

Kò sí àgbà kan tó ní kó dákẹ́. Ìyá lọ.

Àbúrò wọn ló gbé wọn dé ọsibítù, tó sì pe Mọ̀núrù. Dókítà Ethel fi àwòrán ọpọlọ hàn án.

"Ibi kọ̀ọ̀kan lára èèpo òde ọpọlọ ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ibí yìí, níwájú lápá òsì, la fi ń to ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ. Ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́. Ìtòsí ẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, òun náà fara gbá a. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn ti há sórí láti kékeré, ibòmíì lè gbé e jáde."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ohun tá à ń sọ?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, sà. Àtìbẹ̀rẹ̀."

Ojú ti Mọ̀núrù débi pé kò mọ ẹni tí òun lè wò. Gbogbo èébú tó ti bú ìyá rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò sì lè gbèjà ara wọn.

Ó wọlé lọ bá wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá mi, ẹ foríjì mí."

Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ ẹ̀bẹ̀, kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Ètè ìyá ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n ń júwe sí i pé kó dìde, ó ti tó. Mọ̀núrù ò rí i. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè gbójú sókè.